Òpópónà Ìyá Ta Lẹ Ń Gbé?

Bí àlejò bá wọ Ìsẹ́yìn lónìí tó ń wá ilé ẹnì kan, ó ṣòro kó tó rí ẹni tó máa dárúkọ títì fún un. Wọ́n á ní kó máa lọ tààrà, bó bá kan ìyá tó ń dín àkàrà lábẹ́ igi, kó yà sọ́wọ́ ọ̀tún, bó bá dé ọ̀dọ̀ ìyá aláró, kó tún béèrè. Ọlọ́kadà gan-an ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin ni wọ́n fi ń júwe ọ̀nà káàkiri, láti Ìsàlù dé Kòso, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí ní Ṣakí àti Òkèihò, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé pátákó wá, kí wọ́n fẹ́ kọ orúkọ sí i, kíá ni ìyá alákàrà á pòórá. Alhaji kan ni, olóyè kan ni, bàbá kan tó ti kú tipẹ́tipẹ́ ni, tàbí olóṣèlú kan tí kò tíì kú rárá, tó ṣì ń wá ìbò. Ìyá ni gbogbo ayé fi ń mọ̀nà, bàbá ni wọ́n ń kọ sára irin.

Àwọn kan á sọ pé kí ni ti orúkọ títì nínú ìlú tí omi ẹ̀rọ ò ti tó, tí iná mànàmáná ń ṣe bó ṣe wù ú. Òótọ́ ni wọ́n wí, ebi ò kì í gbọ́ orúkọ. Àmọ́ nǹkan tí kò ná ìjọba ju pátákó kan àti ọ̀dà lọ, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí? Òfin náà ò sì fara sin. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, sọ ọ́ gbangba pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni láti fún títì lórúkọ àti láti kọ nọ́ńbà sára ilé. Wọn ò fi rán Abuja, wọn ò fi rán Agodi n'Íbàdàn. Káńsù ló ni ín. Káńsù sì wà n'Ísẹ́yìn, kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rìn débẹ̀.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìdí òfì, ẹ ó rí i bó ṣe máa ń di ariwo. Bàbá ahunṣọ á kọ́kọ́ dá ọwọ́ dúró.

"Ìyá, ẹ má bínú sí mi o, obìnrin kì í gbé ojú kan. Wọ́n bí i nílé bàbá rẹ̀, wọ́n gbé e níyàwó lọ sí àdúgbò míì. Títì wo lẹ fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, ti bàbá rẹ̀ ni àbí ti ọkọ rẹ̀?"

Ìyá aláró náà ò ní wojú rẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣeun. Nígbà tí wọ́n ń dáwó àdúgbò tí wọ́n fi tún ọ̀nà yẹn ṣe, ṣé ẹ bi mí pé ibo ni wọ́n ti gbé mi wá kẹ́ ẹ tó gbowó lọ́wọ́ mi?"

Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ á bú sẹ́rìn-ín. Ìkan nínú wọn á ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ ká sòótọ́, kí ni obìnrin ṣe n'Ísẹ́yìn tá a fi máa kọ orúkọ rẹ̀ sí títì?"

"Ìwọ ọmọ yìí, òwú tó o ń ta yẹn, ṣé igi ló so ó bẹ́ẹ̀?"

Ìyá gbà á mú níbẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ Ìsẹ́yìn sí aṣọ òfì. Kò sí ìnáwó ńlá nílẹ̀ Yorùbá tí wọn ò ti wọ̀ ọ́, àwọn tó wà ní London àti Amẹ́ríkà náà ń kó o. Ojú àwòrán tí ìwé ìròyìn sábà máa ń gbé jáde ni ti ọkùnrin tó jókòó, tó na ẹsẹ̀, tí òwú gùn lọ síwájú rẹ̀ bí ojú irin rélùwéè. Ó dáa. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, kí òwú tó dé iwájú bàbá yẹn, obìnrin ló máa ń yọ kóró inú rẹ̀, obìnrin ló ń gbọ̀n ọ́n, obìnrin ló ń ran án. Ẹtù tí àwọn àgbà ń fi yangàn, aró ló fún un láwọ̀, obìnrin ló sì ń pọn aró, tí apá rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá, tí èékánná rẹ̀ ò lè funfun mọ́ títí ọjọ́ alẹ́. Àwọn ìyá wa náà ní òfì tiwọn, èyí tó dúró gbọọrọ lára ògiri, tí wọ́n fi ń hun kíjìpá. Nígbà tó yá, òwú ilé iṣẹ́ dé, aró inú agolo dé, iṣẹ́ ìyá dín kù. Lónìí àwọn ọmọbìnrin ti wá wà nídìí òfì tí ọkùnrin nìkan ń jókòó sí tẹ́lẹ̀, wọ́n ń hun ún, wọ́n sì ń tà á. Nítorí náà, ẹni tó bá béèrè pé kí ni obìnrin ṣe n'Ísẹ́yìn, kó kọ́kọ́ bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀ sílẹ̀ ná, lẹ́yìn náà kó wá béèrè.

Kì í ṣe pé kò sí ibi tí wọ́n ti ṣe é rí. Ẹni tó bá ti dé Broad Street l'Ékòó mọ Tinúbú Square. Ẹfúnróyè Tinúbú, ọmọ Ẹ̀gbá, oníṣòwò ńlá tí wọ́n lé kúrò l'Ékòó ní 1856, tó di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864, tó sì kú ní 1887, òun ni wọ́n fi sọ ibẹ̀. Ìta Tinúbú ni wọ́n ń pè é látijọ́. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira, àwọn aláṣẹ ní kí ibẹ̀ máa jẹ́ Independence Square. Àwọn ará Lẹ́bánónì tó wà l'Ékòó fi ẹ̀rọ omi tó ń tú sókè ta ìlú lọ́rẹ níbẹ̀, omi ń tú, àwọn èèyàn ń ya fọ́tò, àmọ́ ẹnu àwọn ará Èkó ò gba orúkọ tuntun yẹn. Tinúbú ni wọ́n ń wí. Nígbà tó pẹ́ títí, ìjọba ni ó padà sẹ́yìn, Tinúbú náà ló wà níbẹ̀ dòní. Ẹnu awakọ̀ àti ọlọ́jà ló gba orúkọ obìnrin yẹn sílẹ̀.

N'Ìkòyí, títì kan wà tó ń jẹ́ Queen's Drive nígbà kan. Bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ obìnrin kúkú ni Queen, bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe awuyewuye, ṣùgbọ́n ta ni Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ n'Ìkòyí? Wọ́n yí i padà sí Oyinkán Abáyọ̀mí Drive. Lady Oyinkán yìí ló dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin sílẹ̀ l'Ékòó ní 1944, òun náà sì ni aṣáájú àwọn Girl Guides Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kú ní 1990. Ohun tó dùn mọ́ni nínú rẹ̀ ni pé ọkọ rẹ̀, Dókítà Kofo Abáyọ̀mí, ní títì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ní Victoria Island. Ọkọ ní tirẹ̀, ìyàwó ní tirẹ̀, kò sẹ́ni tó jókòó sí ìdí ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n n'Íbàdàn tiwa, Queen Elizabeth Road ṣì wà ní tiẹ̀. Obìnrin tó wá kí wa ní 1956, tó juwọ́, tó sì bá tirẹ̀ lọ, ní títì ńlá. Ìyá tó pọn aró fún ọgọ́ta ọdún ò ní kọ́nà.

Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ tó múlé gbe Òkè-Ògùn tiẹ̀ ti kọjá títì. Ní oṣù keje 2022, Ààrẹ Patrice Talon ṣí ère obìnrin kan ní Cotonou tó ga tó mítà 30, wọ́n sì fi àwọn obìnrin ológun Dàhòmì sọ gbàgede tó wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn náà ló wà nínú ogun tó wá ká Abẹ́òkúta mọ́ ní 1851 àti 1864, Tinúbú sì wà lára àwọn tó ń fún àwọn Ẹ̀gbá ní ìbọn àti ẹ̀tù láti fi lé wọn padà. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí: akọni ẹnì kan, ọ̀tá ẹlòmíì. Wọ́n ṣì ń kọ orúkọ wọn.

Àbí ẹ rò pé obìnrin gbọ́dọ̀ gbé ìbọn tàbí kó ní owó bíi Tinúbú kó tó yẹ fún títì? Ẹ lọ wo Abuja. Òtẹ́ẹ̀lì Sheraton tí àwọn èèyàn ńlá ń dé sí ní Wuse, Ladi Kwali Way ni títì tó wà. Ta ni Ladi Kwali? Amọ̀kòkò ni. Ní Kwali ni wọ́n bí i, ní nǹkan bí ọdún 1925, àbúrò bàbá tàbí ìyá rẹ̀ obìnrin ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ ọmọ lágbolé. Ní 1954 ló wọ ilé ìmọ̀kòkò tí òyìnbó kan, Michael Cardew, dá sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́ tó ti di Suleja, ìkòkò rẹ̀ sì dé òkè òkun. Ó kú ní 1984. Ẹ yọ 20 náírà jáde nínú àpò yín, ẹ yí i sẹ́yìn, obìnrin tẹ́ ẹ rí níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò, òun ni. Kò jọba, kò jagun, kò sì ní ọkọ̀ ojú omi. Amọ̀ ló fọwọ́ pò. Bí amọ̀kòkò bá lè ní títì l'Ábújá, kí ló ṣe aláró àti arànwú n'Ísẹ́yìn?

Ọ̀rọ̀ Tinúbú kò sì tíì tán. Ẹrú wà lára ohun tí Tinúbú fi dolówó. Ìtàn ò fi pa mọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi pa mọ́ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Ẹni tó ta èèyàn ní gbàgede àti omi tó ń tú sókè. Àwọn tí wọ́n tà ńkọ́?

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti kan Ìsẹ́yìn gbọ̀ngbọ̀n.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, ogun wọ Òṣóògùn. Òṣóògùn ò jìnnà, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn náà ló wà. Ọmọkùnrin kan tí kò ju nǹkan bí ọdún méjìlá lọ, tí wọ́n ń pè ní Àjàyí, ń retí oúnjẹ àárọ̀ nílé nígbà tí ariwo sọ. Bàbá rẹ̀ jáde lọ bá wọn jà, wọn ò tún fojú kàn án mọ́. Wọ́n mú Àjàyí, wọ́n mú ìyá rẹ̀, wọ́n mú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin méjì, ìkan ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́. Wọ́n so okùn mọ́ wọn lọ́rùn, wọ́n dà wọ́n lọ bí ẹni da ewúrẹ́, ìyá ń rìn pẹ̀lú ọmọ lára. Àjàyí fojú bu ìrìn náà sí nǹkan bí 20 máìlì. Òru ni wọ́n wọ Ìsẹ́yìn.

Ọmọ yẹn dàgbà, ó mọ̀wé, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú lẹ́tà kan ní 1837. Ó ní n'Ísẹ́yìn ni wọ́n ti tú okùn ọrùn wọn lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n kó wọn wá síwájú olórí àwọn tó mú wọn, tí wọ́n sì pín wọn. Òun àti arábìnrin rẹ̀ kan bọ́ sọ́wọ́ olórí náà. Ìyá àti ọmọ ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn jagunjagun. Wọn ò gbọdọ̀ ké sókè, wọ́n kàn ń sunkún sínú. Wọ́n fa ìyá lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti fi Àjàyí gba ẹṣin, n'Ísẹ́yìn níbí.

Ìyá náà ń jẹ́ Àfàlà. Wọ́n ní ìdílé Aláàfin Abíọ́dún ni ìran rẹ̀ ti wá, àmọ́ ìdílé ò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lọ́jọ́ ogun.

Òun àti ọmọ rẹ̀ tún fojú kan ara wọn fúngbà díẹ̀ ní ìlú míì, wọ́n tún yà wọ́n. Ọmọ di èrò ọkọ̀ ojú omi, àwọn ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Freetown, ó di Samuel Ajayi Crowther. Ìyá wà nílẹ̀ yìí ní tirẹ̀. Wọ́n rà á padà, wọ́n tún mú un, wọ́n tún rà á padà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 1846, l'Ábẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọ́n mú un wá bá ọkùnrin kan tó wọ aṣọ àlùfáà, wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ni. Ara ìyá ń gbọ̀n. Kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọmọ náà ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn di ara wọn mú, omijé ń dà lójú rẹ̀. Nígbà tí ohùn rẹ̀ wá jáde, àwọn orúkọ tí ìyá àgbà Àjàyí fi ń pè é ní kékeré ló ń fi pè é. Ìyá àgbà yẹn ti kú sóko ẹrú. Ní oṣù kejì 1848, Àfàlà wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi fún l'Ábẹ́òkúta, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah, bí ìyá Samuel inú Bíbélì.

Ẹ wá bá wa ṣírò rẹ̀. Ọmọ Àfàlà di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, yunifásítì sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́ láti 2005. Ọmọ ọmọ Àfàlà, Abigail, ló bí Herbert Macaulay. Herbert Macaulay ní títì ní Yaba, ó ní títì l'Ábújá, nígbà tó sì di 1979 wọ́n tẹ ojú rẹ̀ sórí owó náírà kan. Yunifásítì fún ọmọ, títì méjì àti owó fún ọmọ-ọmọ-ọmọ. Ẹ bi ọmọ súkúù mẹ́wàá nínú Ìsẹ́yìn pé ta ni Àfàlà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹnì kan á dáhùn.

Àwọn àgbà kan á sọ pé kí wọ́n fi èyí sílẹ̀, pé ìtìjú ìlú ni, kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ máa tú ohun tí ilẹ̀ ti bò. Ọ̀rọ̀ náà le lóòótọ́. Àmọ́ àwọn tó pín èèyàn lọ́jọ́ yẹn ti kú tipẹ́, kò sì sí ìlú ńlá kan nílẹ̀ Yorùbá nígbà yẹn tí kò mú ẹrú tàbí tí wọn ò mú lẹ́rú. Àwọn míì á ní onígbàgbọ́ ni, Mùsùlùmí ló pọ̀ n'Ísẹ́yìn. Àfàlà tó wọ Ìsẹ́yìn lóru pẹ̀lú okùn lọ́rùn kò tíì gbọ́ orúkọ Jésù nígbà náà, ìyá ọlọ́mọ kan lásán ni. Èyí tó tiẹ̀ rọrùn níbẹ̀ ni pé káńsù kan náà ló ni Òṣóògùn níbi tí wọ́n ti mú un, òun náà ló ni Ìsẹ́yìn níbi tí wọ́n ti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n máa kọ̀wé bẹ̀. Títì kan n'Ísẹ́yìn, ìkan l'Óṣóògùn, ó parí. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe ọgbà kékeré kan tí àwọn ìyá ọlọ́mọ á máa jókòó sí lábẹ́ igi, ẹnikẹ́ni ò ní bínú.

Ohun tó máa ṣòro jù kì í ṣe owó pátákó. Orúkọ gan-an ni. Ọkùnrin tó bá ṣe gudugudu méje nínú ìlú, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè títí ó fi kú. Obìnrin bímọ àkọ́kọ́ báyìí, orúkọ rẹ̀ tán nìyẹn, ó ti di Ìyá Lágbájá. Ọ̀wọ̀ ni, kò sẹ́ni tó máa sọ pé kò dáa, ta ló tó pe ìyá rẹ̀ lórúkọ? Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá kó lọ sí Èkó, tí ìyá bá kú, kí ló kù tí wọ́n fẹ́ kọ? Àfàlà gan-an, ká ní ọmọ rẹ̀ ò mọ̀wé ni, ta ni ì bá gbọ́ ọ?

Ẹ padà sọ́dọ̀ ìyá aláró ìdí òfì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ bi í pé, "Ìyá, kí lorúkọ yín?" Orúkọ ọmọ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dá. Ẹ ní, "Rárá, ìyá, èyí tí bàbá yín sọ yín lọ́jọ́ kẹjọ." Á rẹ́rìn-ín, á ní ọmọ yìí ò ní pa òun, kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Á wẹ̀yìn wò bóyá àwọn ìyàwó ilé ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ló máa wá sọ ọ́, ní ohùn kékeré, bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni.

Ojú ìwé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ará Ìsẹ́yìn, Ṣakí, Òkèihò àti ẹni yòówù tó bá ń ka ìwé ìròyìn yìí. Ẹni tó bá mọ obìnrin kan tó yẹ kí títì àdúgbò rẹ̀ máa jẹ́ orúkọ rẹ̀, kó kọ ọ́ ránṣẹ́: àdúgbò rẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe, àti orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Ìyá Lágbájá nìkan ò tó.